Ẹyẹlé Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Sọ̀ Kalẹ̀

Àdúrà kan wà tí àwọn agbẹ́kànga ilé yìí máa ń gbà kí wọ́n tó bọ́ bàtà lẹ́nu iṣẹ́: kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pàdé ọ̀tá tí a ò rí níbi tí a ò ti rí ọ̀nà sá. Ẹni tí kò bá wọ kànga rí lè rò pé ejò ni wọ́n ń wí, tàbí òkúta tó lè já lu ni lórí, tàbí omi. Rárá o. Ejò á fọn kó tó bu ni jẹ. Òkúta á dún bó ti ń bọ̀. Omi pàápàá á kọ́kọ́ tutù lẹ́sẹ̀ èèyàn kó tó dé ọrùn. Ọ̀tá tí wọ́n ń sá fún kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní ìró. Kò ní í fún ọ lọ́rùn kó o lè mọ̀ pé wọ́n ń pa ọ́. Ó kàn jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò ni, ó ń dúró dè ọ́.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dìímú gba àdúrà náà láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi gbà á. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹyẹlé.

Dìímú kì í ṣe orúkọ àbísọ. Baba rẹ̀ ló fún un, lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ fi okùn lé e lọ́wọ́, tí baba wà nísàlẹ̀ kànga tó ń pariwo pé, "Dì í mú! Dì í mú o, ìwọ ọmọ yìí!" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń di okùn mú fún. Àbúrò náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí Akàn, nítorí ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ kànga: ẹ̀yìn lára ògiri kan, ẹsẹ̀ méjèèjì lára ògiri kejì, yóò máa yọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ.

Baba wọn kò wọ kànga mọ́. Eruku òkúta tó fi ọdún márùndínlógójì fà símú ti dì sí i láyà. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń gbé e ró lẹ́bàá fèrèsé tọ̀sán tòru, ètè rẹ̀ dúdú bí ètè ẹni tó lá aró, orí ìka ọwọ́ rẹ̀ sì wú róbótó bí orí ṣíbí. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà, yóò sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwàdà kò kúkú tán lẹ́nu rẹ̀. Bí Dìímú bá ń fún un lómi mu, á ní, "Bí òkété... bá dàgbà... ọmú ọmọ rẹ̀... ní í mu." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín baba á di ikọ́.

Òfin méjì ni baba fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Èkíní: ẹyẹlé ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọn a gbé e sínú àgò wáyà, wọn a fi okùn sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ kànga, wọn a ka àdúrà ìsọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọn a fà á sókè. Bí ẹyẹlé bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, èèyàn lè wọlé. Bó bá la ẹnu, tí apá rẹ̀ wó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé títí wọn ó fi lé afẹ́fẹ́ burúkú náà jáde. Baba kì í jẹ́ kí wọ́n fi iná wò ó, nítorí ó ti rí kànga kan rí tó gba iná lẹ́nu àbẹ́là, tó sì tu ú padà sójú ẹni tó mú un dání.

Èkejì ni oríkì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá wà nísàlẹ̀, ẹni tó di okùn mú kò gbọdọ̀ dákẹ́. Yóò máa pe oríkì ilé wọn láti òkè, ẹni ìsàlẹ̀ yóò sì máa gbè é, ìlà tẹ̀lé ìlà. Kì í ṣe orin ìdárayá. Baba ní ohun tí ọ̀tá yẹn kọ́kọ́ máa ń jí gbé kì í ṣe agbára, orí ni. Ẹni tó bá ti gbé ìlà kan sípò ìkejì, fà á sókè, ì báà máa bú ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kó ẹrẹ̀ kànga alágbàfọ̀, Dìímú na ọwọ́ sínú ilé ẹyẹlé, ẹyẹlé ò dìde. Ó wú ìyẹ́ sókè, ó fẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹyin méjì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbóná bí ara ọmọ tuntun. Ológbò ti gbé akọ rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ẹni tí yóò bá a sàba. Bí wọ́n bá gbé e kúrò di ọ̀sán, ẹyin á tutù, ó parí nìyẹn. Dìímú dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ooru yẹn. Oyún méjì ló ti wálẹ̀ lára òun náà láàárín ọdún mẹ́rin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyẹn lòun ń rò. Ó kàn fa ọwọ́ rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, ó ní, "Jókòó, ìyá ọmọ. Jókòó."

Òkété kan wà nínú àgò lẹ́yìn ilé, eku ńlá inú ihò tí ọdẹ àdúgbò fún Akàn pé kó máa sìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹ̀kùrọ́, ó ń wo Dìímú. Dìímú náà wò ó títí. "Ohun tó bá ń mí, ó ń mí náà ni," ló wí fún ara rẹ̀. Ó ju aṣọ dúdú bo àgò náà, ó gbé e. Kò sọ fún Akàn.

Ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ kún fún aṣọ ibùsùn funfun tí wọ́n sá sórí okùn. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Àwọn aṣọ náà rọ̀ gbọọrọ, wọn ò mì, bí ẹni pé òkú ni wọ́n fẹ́ fi dì. Ooru mú. Ajá alágbàfọ̀ nà gbalaja sábẹ́ òjìji, ahọ́n lóde, ìhà rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ bí ẹwìrì. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó ki pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, ti ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ̀yin oníkànga, ẹ káàárọ̀ o. Akàn, ṣé obìnrin yìí náà ló máa di okùn mú? Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ọ̀gá," ni Akàn wí, "ta ló ń di àpò yín mú nílé?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ̀rù ò ba ẹ̀yin náà?"

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "O ti borí. Ẹ ṣáà fún mi lómi."

Kànga náà jìn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Ọdún mẹ́jọ ni pákó ti bò ó, ewé sì ti ń gba àlàfo pákó já sínú rẹ̀, ó ń jẹrà. Páìpù irin ẹ̀rọ ìfami àtijọ́ ṣì nà dúró láàárín rẹ̀ bí egungun ẹja. Wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lé e lórí, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ irin tí okùn ń gbà kọjá kọ́ ọ. Nígbà tí Akàn lọ pààrọ̀ ẹ̀wù lẹ́yìn àwọn aṣọ funfun, Dìímú sọ àgò kalẹ̀ kíá, aṣọ dúdú lórí rẹ̀. Ó ka àdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò fo ọ̀kan. Ó fà á sókè, ó ká igun aṣọ. Òkété ń jẹ ẹ̀kùrọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dé?" Akàn ló ń ké láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Ó ti dé."

"Ara rẹ̀ le?"

"Ó ń jẹun."

"Ẹyẹlé wo ló ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé tó ń wá oúnjẹ? Ọ̀kánjúwà ẹyẹ!"

Dìímú fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ bo àgò padà.

Akàn de bẹ́líìtì awọ mọ́dìí, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, orí rẹ̀ rì sínú òkùnkùn. Dìímú yí okùn mọ́ èèkàn lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé oríkì, ohùn Akàn sì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò.

"Ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi!"

"Omi kì í sá fún baba wa!"

"Ọmọ asọ̀kalẹ̀-má-sùn!"

"Ẹni bá sùn nísàlẹ̀, òkè la ti ń sunkún rẹ̀!"

"Ọmọ okùn-kì-í-já!"

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni okùn wà!"

"Ọmọ arí-ràwọ̀-lọ́sàn-án!"

"Ojú ọ̀run kékeré ni tiwa!"

Wọn a dé òpin, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló ń fa garawa ẹrẹ̀ sókè pẹ̀lú okùn kejì. Ẹrẹ̀ náà dúdú kirikiri, ewé jíjẹrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Garawa kìíní, ìkejì, ìkẹta, kò sí wàhálà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbí o! Ó ń wò mí bí onílé tó rí àlejò."

"Ó wà láàyè?"

"Ó sanra ju ọ̀gá lọ!"

"Mo gbọ́ o!" ni alágbàfọ̀ wí.

Ọkàn Dìímú balẹ̀ díẹ̀. Òkété yè, ọ̀pọ̀lọ́ yè. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí i pé ìhà kan ojú ọ̀run ti ṣú. Baba a máa sọ pé kànga ń mí bí èèyàn. Bí ojú ọjọ́ bá dára, á mí sínú. Bí òjò bá ń ṣú, á mí síta, gbogbo ohun tí ilẹ̀ ti pa mọ́ á sì tú jáde sínú rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun pe Akàn kó gòkè. Ó tún rò ó pé garawa méje ti gòkè, mẹ́ta péré ló kù. Olúwa má jẹ́ kí díẹ̀ tó kù kó bá wa.

Garawa kẹjọ dé ìdajì. Ìkẹsàn-án kò tó ìdajì. Láàárín ìlà oríkì, Dìímú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mímí Akàn láti ìsàlẹ̀, fìì, fìì, bíi ti ajá tó wà lábẹ́ òjìji yẹn.

"Akàn, garawa yìí ò kún."

"Ó kún. Mo rí i... ó kún." Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó ki pẹ́ńsù sétí."

Alágbàfọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọkùnrin yìí!" Dìímú kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ asọ̀kalẹ̀-má-sùn!"

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. "Omi kì í... omi kì í sá fún ọ̀pọ̀lọ́."

"Ọmọ okùn-kì-í-já!"

Ìdákẹ́jẹ́.

"Akàn! Ọmọ okùn-kì-í-já!"

"Ara mi fúyẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn náà wí, ó rọ̀, ó dùn, bí ohùn ọmọdé tí oorun ń kùn. "Jẹ́ kí n jókòó díẹ̀."

"Má jókòó! Fà á, ọ̀gá, ẹ bá mi fà á!"

Wọ́n jọ di okùn mú, wọ́n fà. Okùn le gan-an, ó dún wìn-ìn, ó kọ̀. Wọ́n tún fà á. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mì, okùn ò sún. Dìímú dojú bolẹ̀ létí kànga, ó wò. Nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù, ó rí i. Bí Akàn ti ń yí kiri kó ẹrẹ̀, okùn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ páìpù irin náà lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ti páìpù, orí rẹ̀ ti wó sáyà, omi ẹlẹ́rẹ̀ mù ún dé ìbàdí. Okùn tí kò jẹ́ kó gòkè náà ni kò jẹ́ kó rì.

Ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sára àgò. Aṣọ dúdú ti yọ̀. Òkété jókòó sórí ìdí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu imú.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Òkété! Ẹranko tí wọ́n bí sínú ihò, tó dàgbà sínú ihò, tó ń fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ láti inú, tó sì ń sùn gbalaja di alẹ́ nínú èémí ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń pa èèyàn, afẹ́fẹ́ ilé tirẹ̀ nìyẹn! Ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fi awọ ara mí, tí ń sùn sínú ẹrẹ̀. Àwọn tí òun pè ní ẹlẹ́rìí, ọmọ ilé ọ̀tá ni wọ́n. "Òkété, báyìí nìwà rẹ," làwọn àgbà máa ń wí bí ọ̀rẹ́ bá dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n òkété kọ́ ló dalẹ̀ lónìí. Òun tó gbé e wá ni.

Alágbàfọ̀ ti ń bọ́ bàtà. "Mò ń lọ gbé e! Èmi náà lágbára! Ẹ di okùn garawa yẹn mú fún mi!"

"Ẹ ò lọ."

"Ẹ jẹ́ n lọ, ọmọ èèyàn ń kú!"

Dìímú dìde, ó fi àyà dí i lọ́nà. Ohun tí ọkùnrin náà ń wí gan-an ni ọkàn tòun náà ń wí: fò wọlé, fò wọlé, ọmọ ìyá rẹ ni. Bí àwọn agbẹ́kànga ṣe ń kú ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta nìyẹn. Ẹni ìṣáájú kú nítorí iṣẹ́, àwọn yòókù kú nítorí ìfẹ́.

"Ẹ bá wọbẹ̀, oorun tó ń kùn ún á kùn yín. Èèyàn méjì la ó gbé jáde. Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, omi! Ẹ gbé agbọ̀n aṣọ yín, ẹ fi í lé ẹnu kànga, kẹ́ ẹ máa da omi gba inú rẹ̀! Ẹ jẹ́ kó rọ̀ bí òjò!"

Alágbàfọ̀ sáré. Omi tó fẹ́ fi ṣan aṣọ kún àgbá mẹ́ta. Ó ń bù ú, ó ń dà á, omi náà ń gba ihò agbọ̀n rọ̀ sínú kànga wàràwàrà, ó ń fa afẹ́fẹ́ òkè dání lọ sísàlẹ̀. Dìímú rí agbòjò ńlá dúdú kan tó fi ara ti ògiri. Ó ṣí i, ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ okùn garawa, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ṣíṣí, ó fà á sókè fàì, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Baba ló kọ́ wọn: bí kànga kò bá lè mí fúnra rẹ̀, bá a mí. Sókè, sísàlẹ̀. Sókè, sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan tó móoru, tó ń rùn bí ewé àná, ń fẹ́ lù ú lójú ní gbogbo ìgbà tí agbòjò bá gòkè, orí rẹ̀ ń fọ́, ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mí.

"Ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi!" ló ń ké. Kò sí èsì. "Ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi!" Ọlọ́run tó ń gbọ́ igbe ẹyẹ kó tó dún, gbọ́ tèmi. "Ọmọ asọ̀kalẹ̀-má-sùn! Akàn! Ọmọ asọ̀kalẹ̀-má-sùn!"

Àgbá kan tán. Alágbàfọ̀ ń sunkún, ó ń bu omi. Ajá ti dìde, ó dúró lókèèrè, kò gbó. Dìímú kò mọ iye ìgbà tó sọ agbòjò yẹn kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ wà lára okùn. Ohun tó mọ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ kan wà tó nípọn ju ògiri lọ, ó sì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ó ń bọ̀ wá bá òun náà.

Lójijì ni nǹkan dún nísàlẹ̀, hàà, bí ẹni tó ń hanrun. Ó tún dún. Orí Akàn gbéra díẹ̀ kúrò láyà.

"Ọmọ asọ̀kalẹ̀-má-sùn!"

"Ẹni... bá sùn..."

"Parí ẹ̀! Parí ẹ̀, ọmọ ìyá mi!"

"...nísàlẹ̀... òkè la ti..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

"Gbọ́ mi! Páìpù ló dì ọ́ mú. Yí sí apá ọ̀tún. Má ronú, má wo nǹkan kan. Rìn bí akàn! Ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́, apá ọ̀tún!"

Ara a máa rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Ó gbé ẹ̀yìn lé páìpù, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún wọ́ ọ. Okùn dẹ̀. Dìímú pariwo, alágbàfọ̀ ju garawa nù, àwọn méjèèjì fa okùn bí ẹni tó ń fa ilé wó. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ń bọ́ lé wọn lórí nígbà tí orí Akàn yọ létí kànga.

Wọ́n fa ọ̀kan nínú àwọn aṣọ funfun náà já, wọ́n fi bò ó. Dìímú wo ojú rẹ̀. Ètè Akàn dúdú bí ètè ẹni tó lá aró. Ètè baba ló wà lẹ́nu ọmọ.

Òjò ń rọ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa ń padà sí ètè náà. Akàn di orí mú, ó ń ké pé ó ń fọ́, ó sunkún, kò mọ ohun tó ń sunkún fún. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bọ́ sára àgò.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo wà níbí."

"Ẹyẹlé wa... ti hu irùngbọ̀n?"

Alágbàfọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Dìímú, ó panu mọ́.

"Òkété ni mo sọ̀ kalẹ̀," ni Dìímú wí. "Ẹyẹlé ń sàba. Mi ò sọ fún ọ. O bi mí léèrè, mi ò sọ fún ọ."

Akàn wò ó. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó yí orí sí ìhà kejì.

Nígbà tí wọ́n délé, Dìímú kúnlẹ̀ síwájú ìrọ̀rí mẹ́ta, ó ro gbogbo rẹ̀ fún baba, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Baba gbọ́ ọ tán. Mímí rẹ̀ ń fọn fìì nínú yàrá náà.

"Ẹyẹ ń fò," ló wí. Ó sinmi. "Ohun tó ń fò... afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ebi afẹ́fẹ́... kì í pẹ́ pa á. Ìyẹn la ṣe ń fi ṣáájú. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹyẹ." Ó tún sinmi, ó pẹ́. "Ẹyẹlé bá wa jẹ... ó bá wa mu... kì í yẹrí lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ìwọ lo bá a yẹrí. Àánú ò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹyin méjì lo ṣàánú... orí ọmọ ìyá rẹ lo fi san án."

Dìímú fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Akàn," ni baba wí. "Súnmọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ á pè é. Gbè é."

Dìímú pè é. Akàn gbe ìlà kìíní, kò ṣì í. Ó gbe ìkejì. "Ọmọ okùn-kì-í-já," ni Dìímú wí.

Akàn la ẹnu. Ó wo àjà. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ẹnu rẹ̀ wà ní lílà bẹ́ẹ̀, bí ẹnu ẹyẹ tí wọ́n fà jáde nínú kànga, kò sí ohun tó jáde.

"Ọwọ́..." ni Dìímú bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́.

"Má sọ fún un," ni baba wí. "Bó bá padà... òun ni kó gbé e padà wá. Èyí tá a bá fi sí i lẹ́nu... kò lè fà á sókè."

Oṣù méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyin méjèèjì pa. Àwọn ọmọ ẹyẹlé ti hu ìyẹ́, wọ́n ń ké lórí àjà lówùúrọ̀. Òkété wà nínú àgò rẹ̀, ó ń sanra. Ara Akàn ti yá pátápátá lójú gbogbo èèyàn: ó mọ iye garawa tó ń kún àgbá kan, ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà, ó ṣì ń fi alágbàfọ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ kànga, nítorí òfin ni òfin. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó jáde nílé, Dìímú á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe oríkì. Akàn á gbe ìlà kìíní. Á gbe ìkejì. Ìkẹrin pàápàá, ojú ọ̀run kékeré, ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ìkẹta nìkan, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ló ń dákẹ́ sí.

Baba ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ohun tí ọ̀tá náà bá jí, a máa dá díẹ̀ padà. Dìímú ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ kan wà tó ń wo ojú àbúrò rẹ̀ lákòókò ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tó ń rí i pé kì í ṣe ojú ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀. Ojú ẹni tó mú ọ̀rọ̀ dání ni, tó ń wò ó, tí kò lè gbé e sẹ́nu. Ẹ̀rù ọ̀tá inú kànga kò ba Dìímú tó bẹ́ẹ̀ rí. Á tún gbé okùn, á tún yí i mọ́ ọwọ́ tó ti jinná, á sì tún pe ìlà náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀.